Iṣẹ́ Ọwọ́ Rere àti Àyẹ̀wò Aṣọ Ìgbéyàwó Tí A Ń Rà ní Ọ̀pọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ìṣẹ́yìn tí ń gbé ní Yábàá àti agbègbè rẹ̀, ní Èkó)

Kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ jókòó níhìn-ín nìkan ni a ń bá wí. Ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa a máa dé ilé, a sì máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Àwọn gan-an ni wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé pé kí a bá wọn ra aṣọ ìgbéyàwó ní ọ̀pọ̀, láìfi ojú kan aṣọ náà títí yóò fi dé ọwọ́ wọn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ó lè ya ẹnìkan lẹ́nu pé olùkọ́ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí aṣọ. A kì í ṣe ahunṣọ, a kì í sì í ṣe oníṣòwò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ kò ju wíwọn nǹkan àti sísọ òtítọ́ nípa ohun tí a wọ̀n. Bí ọmọ bá ṣe ìṣirò tí kò tọ̀nà, a kì í fún un ní máàkì nítorí pé ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ wa. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kí gbogbo wa fi máa wo aṣọ tí a ń rà àti èyí tí a ń tà.

Àwọn àgbà wí pé aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Kò sí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹ bí ọjọ́ ìgbéyàwó. Láti bí ọdún 1920 ni àṣà aṣọ ẹbí ti gbilẹ̀ ní Èkó, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Lónìí, ìyá ìyàwó kan lè ra gèlè fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn àti fìlà fún ọgọ́rùn-ún mìíràn. Ibẹ̀ ni ewu náà wà. Ẹni tí ó ra aṣọ kan tí ó ní àbùkù, àbùkù kan ni ó rà. Ẹni tí ó ra ọgọ́rùn-ún láìyẹ̀ ẹ́ wò, ọgọ́rùn-ún àbùkù ni ó rà, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni yóò sì máa sọ ọ́ kiri.

OHUN TÍ A JOGÚN

Gbogbo wa ni a mọ orúkọ mẹ́ta tí aṣọ òkè fi gbayì: sányán, àlàárì àti ẹtù. Àwọn àgbà a máa pe sányán ní baba aṣọ. Inú ilé kòkòrò ìgbẹ́ kan ni a ti ń rí òwú rẹ̀. A ó sè é, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì ran án kí ó tó di òwú tí ó dé orí òfì. Àlàárì ní tirẹ̀, òwú ṣẹ́dà pupa ni wọ́n fi ń hun ún. Àwọn oníràkúnmí ni wọ́n ń gbé òwú náà gba Aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti Tirípólì wá. Ẹtù ni a ń fi aró ẹlú rẹ léraléra títí yóò fi dúdú, tí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ yóò sì wà lára rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ènìyàn lè fi ìkánjú ṣe.

Lónìí, òwú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ahunṣọ ń lò, ohun tí à ń pè ní sányán lọ́jà sì sábà máa ń jẹ́ òwú tí a rẹ sí àwọ̀ sányán. A kò ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀. Ayé ń yí, àwọn bàbá wa náà sì gba òwú àlàárì lọ́wọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n bí òwú ti wù kí ó yí padà, ohun mẹ́ta wà tí kò gbọdọ̀ yí: kí aṣọ kí ó ki, kí àwọ̀ rẹ̀ kí ó dúró, kí ìwọ̀n rẹ̀ kí ó pé. Aṣọ tí ó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyá fi ń sílẹ̀ fún ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ẹ ní irú rẹ̀ nínú àpótí nílé, tí ó ti dàgbà jù yín lọ, síbẹ̀ tí kò gbó.

IBI TÍ ÀBÙKÙ TI Ń WỌLÉ

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Aṣọ òkè kì í ti orí òfì wá ní fífẹ̀ bí aṣọ òyìnbó. Abala tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí aránṣọ ń so pọ̀. Ká sọ pé abala kan fẹ̀ ní ínṣì 4, tí a sì fẹ́ so 14 pọ̀. Ínṣì 56 ni a ó ní kí a tó rán an. Bí ahunṣọ bá dín ìdámẹ́rin ínṣì kan ṣoṣo kù lára abala kọ̀ọ̀kan, kò sí ojú tí yóò tètè rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí abala 14 bá para pọ̀, ínṣì 3 àbọ̀ ti lọ. Bí ó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún ìró ni a rà, ínṣì 350 ni ó lọ, ó kù díẹ̀ kí ó pé yáàdì 10. A ti san owó rẹ̀, a kò sì rí i gbà.

Ọ̀nà kejì ni àwọ̀. Òwú tí a rẹ lónìí àti èyí tí a rẹ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí orúkọ àwọ̀ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kì í sábà bára mu délẹ̀délẹ̀. Bí ahunṣọ bá ra òwú ní ẹ̀ẹ̀mẹta fún iṣẹ́ kan, ó ṣeé ṣe kí gèlè wá ní àwọ̀ mẹ́ta. Lábẹ́ iná ilé ìtajà, a kò ní í mọ̀. Lójú oòrùn, ní iwájú ilé ìjọsìn, gbogbo ayé yóò mọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ọwọ́ tí ó pọ̀. Ẹnìkan kì í dá iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún aṣọ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ yóò pín in fún àwọn ahunṣọ mìíràn. Ọwọ́ ẹnìkan le, ti ẹnìkejì rọ̀. Ẹnìkan ń lu òwú pọ̀ gírígírí, ẹnìkejì ń fi àyè sílẹ̀ nítorí kí iṣẹ́ lè tètè parí. Bí kò bá sí ọ̀gá tí yóò gba iṣẹ́ gbogbo wọn, kí ó tẹ́ ẹ síta, kí ó sì dá èyí tí kò dára padà, a kò lè pè é ní iṣẹ́ kan náà mọ́.

A mọ ìdílé kan, ọmọ ìlú wa ni wọ́n, tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ra gèlè àti ìpèlé 60 lọ́wọ́ alágbàtà kan ní Èkó fún ìgbéyàwó ọmọ wọn obìnrin. Alágbàtà náà fi ẹyọ kan hàn wọ́n, ó dára púpọ̀. Wọ́n sanwó pé pérépéré. Ọjọ́ kẹta sí ìgbéyàwó ni ẹrù dé, nínú ọ̀rá, tí a ti dì í. Ní ọjọ́ náà, ooru mú, òógùn sì bò wá. Kí a tó jẹun tán, aró ti ń ṣàn sí ọrùn àwọn ìyá wa, ó sì ta sára bùbá funfun tí wọ́n wọ̀. Àwọn tí kò tí ì sanwó aṣọ wọn kọ̀, wọn kò san án mọ́. Gbèsè náà dúró lọ́rùn ìyá ìyàwó, ẹni tí ó jẹ́ pé owó àjọ ni ó fi ra ẹrù náà, ó sì ju ọdún kan lọ kí ó tó san án tán. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn àlejò ń sọ bí wọ́n ti ń lọ. Wọn kò dárúkọ alágbàtà, nítorí wọn kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé, "Aṣọ Ìṣẹ́yìn kò dára mọ́." Ẹ̀yin ará, àwa tí a jókòó síbẹ̀ kò tilẹ̀ lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún. Ṣùgbọ́n orúkọ wa ni wọ́n fi tà á, orúkọ wa ni wọ́n sì bà jẹ́.

Ẹ̀KỌ́ TÍ ABẸ́ÒKÚTA KỌ́ WA

Kì í ṣe àwa ni irú nǹkan yìí kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àdìrẹ Abẹ́òkúta gbajúmọ̀ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn oníṣòwò a máa ti ọ̀nà jíjìn wá sí ọjà Ìtòkú láti rà á ní ọ̀pọ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn aláró kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi sódà líle rọ́pò omi eérú, wọ́n sì fi aró òyìnbó rọ́pò ẹlú, nítorí pé iṣẹ́ yá jù bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń ráhùn pé aṣọ ń yá, aró sì ń ṣí. Lákòókò kan náà, ọ̀wọ́n owó tí ó bo gbogbo ayé lẹ́yìn ọdún 1929 ti sọ ọ̀pọ̀ oníbàárà di aláìlówó. Ọjà àdìrẹ wó lulẹ̀.

Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n ní oúnjẹ àwọn ni a fẹ́ gbà lẹ́nu àwọn, wọ́n sì gbé ẹjọ́ náà dé iwájú ìjọba, títí a fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Níkẹyìn, òfin náà kò dúró.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, bí orúkọ ọjà bá bàjẹ́, àtẹni tí ó ṣe rere àtẹni tí ó ṣe búburú ni ìyà ń jẹ, nítorí oníbàárà kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkejì, òfin tí ó ti òkè wá nìkan kò lè tún iṣẹ́ ṣe. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àti àwọn tí ń rà á ni wọ́n gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara wọn mú àyẹ̀wò, kí ó sì ṣe wọ́n láǹfààní.

LÉÈSÌ ÀTI GÁÙN FUNFUN

Ẹnìkan lè sọ pé kò sí irú wàhálà yìí nínú aṣọ òkè òkun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni àwọn ilé iṣẹ́ ní Lustenau, ìlú kékeré kan ní Ọ́síríà, ti ń ṣe léèsì fún àwa ará Nàìjíríà. Àwọn ìyá wa oníṣòwò kò kàn gba ohun tí òyìnbó bá gbé wá. Wọ́n mú àpẹẹrẹ tiwọn lọ, wọ́n yàn, wọ́n kọ̀, títí òyìnbó fi mọ irú iṣẹ́ tí ojú wa ń fẹ́. Ìdí nìyí tí léèsì àtijọ́ fi wà nínú àpótí títí di òní. Nígbà tí léèsì olówó pọ́ọ́kú dé láti ibòmíràn, ọ̀pọ̀ nínú wa gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yàn án. Àwòrán rẹ̀ jọ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ a tú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gáùn funfun tí àwọn ọmọ wa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Níhìn-ín ní Yábàá, ẹ mọ ọjà Tẹjúoṣó, tí iná jó ní 2007, tí a sì tún kọ́, tí a ṣí padà ní 2014. Ní irú ọjà bẹ́ẹ̀, oníṣòwò lè ra gáùn ogún lẹ́ẹ̀kan náà nínú àpótí tí kò tú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ó fi yá ìyàwó kan lẹ́yìn òmíràn. Gáùn tí ìyàwó mẹ́wàá yóò wọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ojú rírán rẹ̀ ń já nígbà àkọ́kọ́. Ẹ yí i síta sínú, kí ẹ wo ojú rírán. Ẹ ṣí síìpù rẹ̀, kí ẹ pa á dé lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ fa ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ díẹ̀. Bí ọ̀kan bá já tí gbogbo ìyókù ń tẹ̀ lé e, òwú kan ṣoṣo ni wọ́n fi so gbogbo wọn.

BÍ A ṢE LÈ YẸ ẸRÙ WÒ

Àyẹ̀wò kì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ wa. Àwọn àgbẹ̀ tí ó wà láàárín wa rántí àwọn ayẹkòkówò. Wọn kì í wo ẹnu àpò nìkan. Wọn a ki irin bọ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn a mú díẹ̀ jáde, wọn a fi ọ̀bẹ là á, kí wọ́n tó sọ gíréèdì rẹ̀. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni a ń fẹ́.

Èkíní, ẹ gba àpẹẹrẹ, kí ẹ sì gé e sí méjì. Ẹ̀yin yóò mú ìdajì, ahunṣọ yóò mú ìdajì. Ọjọ́ tí ẹrù bá dé, ẹ ó fi méjèèjì wé ara wọn.

Èkejì, ẹ rí i dájú pé gbogbo òwú iṣẹ́ náà ni a rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a tó ta ìkíní sórí òfì.

Ẹ̀kẹta, ẹ rẹ aṣọ funfun sómi, kí ẹ fi nu aṣọ náà gidigidi. Bí aró bá lẹ̀ mọ́ funfun, òógùn yóò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbé aṣọ sókè síhà oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín òwú níbìkan tí kò sì yọ níbòmíràn, ọwọ́ ahunṣọ kò dọ́gba.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ìwọ̀n wọn fífẹ̀ abala ní òkè, ní àárín àti ní ìsàlẹ̀. Ẹ gbé ìdì kan àti òmíràn sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú. Èyí tí ó bá fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òwú rẹ̀ ni kò pé.

Ẹ̀kẹfà, nínú mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan, ẹ tú ó kéré tán ẹyọ kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ń tà á yàn án fún yín. Ẹ fa tiyín yọ láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí àbùkù kan, ẹ tú gbogbo rẹ̀.

Èkeje, ẹ jẹ́ kí ẹrù dé ó kéré tán oṣù kan ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ìyókù owó sì dúró títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò tán. Àyẹ̀wò tí a ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìgbéyàwó kì í ṣe àyẹ̀wò mọ́, ẹkún ni.

Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, àwòrán orí fóònù kò tó. Àwòrán kò ní ìwúwo, aró rẹ̀ kì í sì í ṣí. Ẹ yan ẹnìkan nílé tí ó mọ aṣọ, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un.

Ẹ̀BI TÀWA OLÙRÀ

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ dá ahunṣọ nìkan lẹ́bi. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí a bá ná aṣọ títí owó rẹ̀ kò fi tó owó òwú, níbo ni a fẹ́ kí ahunṣọ ti mú oúnjẹ? Kò lè jí i níbòmíràn ju inú aṣọ náà lọ. Yóò fi àyè sí àárín òwú, yóò dín fífẹ̀ rẹ̀ kù, yóò ra aró tí kò jinná. Bí a bá sì pè é ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ náà fún iṣẹ́ oṣù méjì, àwa ni a kọ́ ọ ní ìkánjú. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ san owó òwú ṣáájú, ẹ fún un ní àkókò, nígbà náà ni ẹ ó ní ẹnu láti dá iṣẹ́ tí kò dára padà.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju bí a ti rò lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó yẹ kí ó jókòó sí ìdí òfì ń fi í sílẹ̀, wọ́n ń lọ gun ọ̀kadà, nítorí pé iṣẹ́ rere àti iṣẹ́ jákujàku ń gba owó kan náà lọ́wọ́ olùrà tí kò yẹ nǹkan wò. Ọjọ́ tí a bá ń dá èyí tí kò dára padà, tí a sì ń sanwó èyí tí ó dára bí ó ti yẹ, ọjọ́ náà ni ọ̀dọ́ yóò rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó kọ́ṣẹ́ délẹ̀.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Ní erékùṣù kan tí ó jìnnà ní Skọ́tíláǹdì, àwọn ènìyàn ń hun aṣọ kan tí a ń pè ní Harris Tweed. Inú ilé ara wọn ni wọ́n ti ń hun ún, bí àwọn bàbá wa. Láti 1911 ni wọ́n ti ń tẹ òǹtẹ̀ sára rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ní 1993 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe òfin pàtàkì láti dáàbò bo orúkọ náà. Ẹni tí ó bá rí òǹtẹ̀ náà mọ ibi tí aṣọ ti wá. Erékùṣù wọn kò pọ̀ ní ènìyàn, síbẹ̀ gbogbo ayé mọ̀ wọ́n.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ ẹgbẹ́ wa láti gbé yẹ̀ wò. Kí a yan àwọn àgbà ahunṣọ díẹ̀ nílé, tí gbogbo ènìyàn gbà pé ọwọ́ wọn mọ́, láti máa yẹ iṣẹ́ tí a ń kó jáde ní ọ̀pọ̀ wò, kí a sì máa san owó díẹ̀ fún wọn lórí rẹ̀. Kí a ṣe òǹtẹ̀ kan tí a ó máa rán mọ́ igun aṣọ tí ó bá yege, kí a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Kí ẹ̀ka tiwa ní Yábàá sì tọ àwọn olùkọ́ Yaba College of Technology lọ, ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1947, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa òwú àti aṣọ, kí a bẹ̀ wọ́n láti bá wa dán aró àti òwú wò. Àjọ SON tí òfin ọdún 1971 dá sílẹ̀ náà wà fún irú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n a ti rí i ní Abẹ́òkúta pé ìjọba nìkan kò tó. Àwa ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé òǹtẹ̀ yóò mú kí aṣọ wa wọ́n sí i. Òótọ́ ni, yóò wọ́n díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá ìyàwó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ léèrè, èwo ni ó wọ́n jù: owó díẹ̀ lórí gèlè kọ̀ọ̀kan, tàbí gbèsè ọdún kan àti ìtìjú lójú àna?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà ń bẹ lọ́jà, ẹ̀yin ọlọ́jà ń bẹ lọ́jà, àwa olùkọ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé, ẹ jẹ́ kí a ti mọ orúkọ àwọn àgbà ahunṣọ tí a ó bẹ̀ ní iṣẹ́ yìí. Kí Ọlọ́run kí ó bùkún ìlú wa, kí ó sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ kí ó máa dán sí i.